Kí Ẹsẹ̀ Ọkọ̀ Tó Kan Irin: Ẹ̀kọ́ fún Àwa Tí A Ń Wakọ̀ Kọjá Ojú Rélùwéè

Nígbà tí àwọn olóòtú ìwé yìí ní kí n kọ ẹ̀kọ́ kan, ó dá mi lójú pé ẹ̀kọ́ Bíbélì ni wọ́n ń retí lọ́wọ́ àlùfáà. Bíbélì yóò wọ inú rẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí ó wà lọ́kàn mi láti bí ọdún mélòó kan ni bí a ti ń wa ọkọ̀ kọjá lórí ojú irin rélùwéè. Ẹni tí ń gbé Ìkòtún, Ẹ̀gbẹ́dá tàbí Ìgándò lè rẹ́rìn-ín, kí ó bi mí pé, "Rélùwéè wo ni ó gba iwájú ilé wa kọjá?" Ìbéèrè náà tọ̀nà. Ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ni ó ń jẹun òòjọ́ rẹ̀ ní Alímọ̀ṣọ́ nìkan? Agége ni a ń ná, Ìkẹjà ni a ti ń ṣiṣẹ́, Òṣòdì ni a ti ń wọkọ̀. Ojú irin tí ó ti Ìdó lọ sí Abẹ́òkúta nà gbalaja láàárín àwa àti àwọn ibi wọ̀nyí. Kò sí bí ènìyàn yóò ti fi ọkọ̀ lọ láti Ìkòtún sí Aláúsá tí kò ní ré ojú irin kọjá, yálà lórí afárá, lábẹ́ afárá, tàbí ní ilẹ̀ẹ́lẹ̀ níbi tí títì àti irin ti dábùú ara wọn. Ti ilẹ̀ẹ́lẹ̀ yìí, tí a ń pè ní ibi ìsọdá, ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Ṣógúnlè

Ní òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 9 oṣù Kẹta ọdún 2023, bọ́ọ̀sì ńlá kan tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó fi ń kó àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ gbéra láti Ìsọlọ̀, ó ń lọ sí Aláúsá. Ìsọlọ̀ kì í ṣe ilẹ̀ òkèèrè sí wa. Ẹni tí ó bá ń ti Ìkòtún gba Ẹjigbò lọ sí Òṣòdì mọ agbègbè náà bí ẹni mọ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ní ibi ìsọdá tí ó wà ní PWD, ní Ṣógúnlè, bọ́ọ̀sì náà àti ọkọ̀ ojú irin pàdé lórí irin. Ènìyàn 6 ni ó kú, ọ̀pọ̀lọpọ̀ sì fara pa. Ilé ìwòsàn ńlá tí a ń pè ní LASUTH ní Ìkẹjà ni wọ́n sáré kó wọn lọ, àwọn ará Èkó sì tò wọ ibẹ̀ lọ́jọ́ náà láti fi ẹ̀jẹ̀ ara wọn tọrẹ. Àkókò ìpolongo ìbò gómìnà ni. Gómìnà dá ìpolongo tirẹ̀ dúró. Àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ó ń wádìí ìjàm̀bá ọkọ̀ gbé ìwádìí dìde, ọ̀rọ̀ awakọ̀ náà sì dé ilé ẹjọ́.

N kò kọ èyí láti dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́. Iṣẹ́ adájọ́ nìyẹn, àwọn ará ilé tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ sì ti gbọ́ ọ̀rọ̀ tó. Ohun tí ó gbún mi ní kẹ́ṣẹ́ ni pé àwọn tí ó wà nínú bọ́ọ̀sì náà kì í ṣe oníjàgídíjàgan. Òṣìṣẹ́ ni wọ́n, tí wọ́n jí, tí wọ́n wẹ̀, tí wọ́n sọ fún ará ilé pé ó dìrọ̀lẹ́. Ẹni tí ó jókòó sẹ́yìn ọkọ̀ kò ní ipá kankan lórí ohun tí ọwọ́ tí ó di kẹ̀kẹ́ ìtọ́kọ̀ mú bá ṣe.

Ìdí tí rélùwéè kò fi lè dúró fún wa

Ọ̀pọ̀ nínú wa tí a ti pé ọgọ́ta ọdún rò pé a mọ rélùwéè. Nígbà tí mo wà ní ọmọdé, ìyá mi a máa rù gàrí lọ sí Agége, ìró ọkọ̀ ojú irin ni a sì fi ń mọ̀ pé ọjà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tú. A máa ń gbọ́ ọ láti òkèèrè, ilẹ̀ a sì máa mì kí ó tó dé. Ojú irin àtijọ́ yẹn ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ láti Èkó ní ọdún 1896, tí wọ́n sì ṣí i dé Ìbàdàn ní ọdún 1901. Ìrìn rẹ̀ kò yá tó bẹ́ẹ̀, ariwo rẹ̀ sì pọ̀. Ìwà tí a kọ́ nígbà náà ni a ṣì ń hù lónìí: a rí ọkọ̀ ojú irin lókèèrè, a ní, "Kò tíì dé."

Ṣùgbọ́n ayé ti yí padà. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹfà ọdún 2021 ni a ṣí ojú irin tuntun láti Èkó sí Ìbàdàn, kìlómítà 157. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kejì ọdún 2024 ni a ṣí Red Line ti Ìpínlẹ̀ Èkó láti Agbádó dé Oyíngbó, kìlómítà 27, ibùdókọ̀ 8, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò ní oṣù Kẹwàá ọdún náà. Àwọn ọkọ̀ tuntun wọ̀nyí yára ju ti àtijọ́ lọ, ariwo wọn sì kéré. Irin tí ó wà nílẹ̀ kì í sì í ṣe ìlà kan mọ́. Ní ọ̀pọ̀ ibi, ti tuntun jẹ́ méjì, ti àtijọ́ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹni tí ó rí i pé ọkọ̀ kan ti kọjá kò gbọdọ̀ yọ̀ pé ọ̀nà ti là. Òmíràn lè máa bọ̀ láti apá kejì, kí ti àkọ́kọ́ sì bò ó mọ́lẹ̀ títí yóò fi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò díẹ̀, nítorí olùkọ́ ìṣirò wa ní ilé ẹ̀kọ́ yìí kò nà wá lásán. Ọkọ̀ ojú irin tí ó bá ń sáré kìlómítà 100 láàárín wákàtí kan ń rìn ní nǹkan bí mítà 28 ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá ka ení, èjì, dé ẹ̀wá, ó ti rin mítà 280, èyí tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó pápá ìgbábọ́ọ̀lù mẹ́ta tí a tò pọ̀. Awakọ̀ rẹ̀ lè rí yín, ó lè fọn fèrè, ó lè tẹ bíréèkì dé ìsàlẹ̀, síbẹ̀ ó lè ju kìlómítà kan lọ kí ọkọ̀ náà tó dúró. Irin ni ẹsẹ̀ rẹ̀, irin ni ó ń tẹ̀. Irin lórí irin ń yọ̀ ni, kì í dì mú bí rọ́bà ti ń di ọ̀dà mú. Ẹrù rẹ̀ sì jẹ́ ọgọ́rọ̀ọ̀rún tọ́ọ̀nù. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, kò lè yà fún ẹnikẹ́ni. Dánfó tí ó fẹ́ gbá wa lè yà bàrá sínú gọ́tà. Ọkọ̀ ojú irin kò ní ibòmíràn tí yóò gbà.

Ojú wa pàápàá ń tàn wá. Ohun ńlá tí ó ń bọ̀ láti òkèèrè máa ń dà bí ẹni pé kò yára. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Ẹjigbò mọ bí bàálù tí ó fẹ́ bà sí Ìkẹjà ti ń rí: a ó máa wò ó bí ẹni pé wọ́n so ó kọ́ ojú ọ̀run, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ọkọ̀ kan ní ilẹ̀ tí ó lè bá a sá eré. Bákan náà ni ọkọ̀ ojú irin rí sí ẹni tí ó dúró ní iwájú rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ní "mo lè kọjá kí ó tó dé" ń fi ojú tí kò lè wọn nǹkan náà wọ̀n ọ́n.

Ẹ̀ṣẹ̀ tèmi

Mo ní ohun kan láti jẹ́wọ́, ìdí rẹ̀ sì ni mo ṣe gbà láti kọ ẹ̀kọ́ yìí.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, mo jẹ́ igbákejì pásítọ̀ ní ìjọ kan, èmi náà ni mo sì ń wa bọ́ọ̀sì ìjọ. Ní ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi kan, mo ń kó ẹgbẹ́ akọrin bọ̀ láti òde ìdúpẹ́ kan. Ènìyàn 14 ni wọ́n, èmi ṣe ìkẹẹ̀ẹ́dógún. A dé ibi ìsọdá kan ní apá Agége, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ sì wà níbẹ̀. Ọkọ̀ akẹ́rù kan ṣáájú mi. Ó sún, mo sún tẹ̀lé e. Ó ré irin kọjá, ó sì dúró gbọn-in, nítorí pé èyí tí ó wà níwájú rẹ̀ dúró. Èmi ti wà lórí irin. Mo wo ẹ̀yìn kí n lè fà sẹ́yìn, dánfó kan ti fi imú gún mi ní ìdí. Nígbà náà ni ẹ̀ṣọ́ tí ó mú àsíá bẹ̀rẹ̀ sí í fọn fèrè, ó sì ń ju àsíá pupa.

N kò mọ ohun tí n ó ṣe. Mo di kẹ̀kẹ́ ìtọ́kọ̀ mú, mo ń pe Jésù. Ìyá àgbàlagbà kan nínú ẹgbẹ́ akọrin, tí kò ka ìwé kọjá Bíbélì àti ìwé orin, ni ó dìde, tí ó fa ilẹ̀kùn sí ẹ̀gbẹ́. Ó ní, "Gbogbo yín, ẹ sọ̀kalẹ̀. Ẹ má mú báàgì. Ẹ fi bàtà sílẹ̀." Ó wá yíjú sí mi, ó sì fi ohùn jẹ́jẹ́ tí a fi ń bá àlùfáà sọ̀rọ̀ wí pé, "Pásítọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin náà ẹ jáde. Ọkọ̀ ló máa ṣẹ́kù." Mo jáde. Àwọn ọkùnrin tí ń tajà níbẹ̀ lu ara dánfó náà títí ó fi fà sẹ́yìn, wọ́n sì jùmọ̀ ti bọ́ọ̀sì wa kúrò lórí irin. Kò tíì pẹ́ tí wọ́n tì í kúrò tán tí ọkọ̀ ojú irin fi kọjá. Atẹ́gùn rẹ̀ gbá fìlà mi lọ.

Ní ọjọ́ Ìsinmi tí ó tẹ̀lé e, mo jẹ́rìí ní ilé Ọlọ́run. Mo sọ bí èṣù ti fẹ́ fi ẹgbẹ́ akọrin ṣòfò àti bí Olúwa ti sọ èrò rẹ̀ di asán. Ìjọ kọrin, wọ́n jó. Ìyá náà jókòó ní ibi tí àwọn akọrin ń jókòó sí, kò sọ̀rọ̀. Ó tó ọdún mélòó kan kí n tó ní ìgboyà láti sọ fún ara mi pé ẹ̀rí èké ni mo jẹ́. Ọlọ́run yọ wá lóòótọ́, èmi kò sẹ́ ìyẹn. Ṣùgbọ́n èṣù kọ́ ni ó wa bọ́ọ̀sì náà dé orí irin. Èmi ni. Mo rí i pé àyè kò sí ní òdìkejì, mo sì wọlé. A máa ń gbàdúrà pé kí a má rìn ní ọjọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà. Ní ọjọ́ náà, èmi fúnra mi ni mo gbé ènìyàn 14 lọ sí ẹnu ọ̀nà, mo sì dúró síbẹ̀.

Ohun tí òfin wí

Òfin kan ṣoṣo tí n bá ti pa mọ́ ní ọjọ́ náà ni mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tí ó bá ka ìwé yìí há sórí: má ṣe wọ ojú irin títí ìwọ yóò fi rí àyè ní òdìkejì tí ó gba ọkọ̀ rẹ látòkè délẹ̀, imú àti ìdí. Kì í ṣe àyè tí o rò pé yóò ṣí. Àyè tí ó ti ṣí, tí ojú rẹ rí. Ẹni tí ó wà lẹ́yìn lè máa fọn fèrè, kí ó máa bú ọ, kí ó ní o kò mọ ọkọ̀ wà. Jẹ́ kí ó bú ọ. Kèrègbè tí ó wà lọ́nà omi ni ọ̀rọ̀ ènìyàn lójú pópó, yóò kọjá. Ní Èkó níbi, mo gbà pé òfin yìí ni ó ṣòro jù, nítorí pé bí o bá fi àyè sílẹ̀, kẹ̀kẹ́ Máruwá mẹ́ta ni yóò kó wọ ibẹ̀. Síbẹ̀, dúró.

Àwọn òfin yòókù kò nira láti mọ̀. Dẹ ìrìn ọkọ̀ kí o tó dé ibi ìsọdá, má sì ṣe ya ẹnikẹ́ni sílẹ̀ níbẹ̀. Bí iná pupa bá ń ṣẹ́jú, tàbí tí ọ̀pá ìdènà bá ti ń sọ̀kalẹ̀, tàbí tí ẹ̀ṣọ́ bá na àsíá pupa, dúró sẹ́yìn ìlà, má ṣe gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá yọ́ wọlé. Bí kò bá sí iná, tí kò sí ọ̀pá, tí kò sí ẹ̀ṣọ́, a jẹ́ pé ìwọ ni ẹ̀ṣọ́ ara rẹ: dúró, wo ọ̀tún, wo òsì, kí o sì tẹ́tí. Pa rédíò. Yọ ohun tí o kì bọ etí. Sọ fèrèsé kalẹ̀, pàápàá nígbà tí o bá tan ẹ̀rọ amúlétutù, nítorí pé ariwo ọjà tí ó máa ń wà lẹ́bàá irin tó láti bo fèrè mọ́lẹ̀ láìfi tìrẹ kún un. Nígbà tí o bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá, má ṣe pààrọ̀ jíà lórí irin. Jíà kékeré tí o fi wọlé ni kí o fi jáde. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin bá sì kọjá, má tíì gbéra títí ọ̀pá yóò fi gòkè tán.

Bí ọkọ̀ bá kú sórí irin ńkọ́? Ohun tí ìyá akọrin wa ṣe gan-an ni ìwé òfin wí. Gbogbo èrò yóò kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀ kí a tó ronú nípa ọkọ̀. Wọn yóò kúrò lórí irin, wọn yóò sì jìnnà sí i, ní apá ibi tí ọkọ̀ ojú irin ti ń bọ̀, nítorí pé iwájú ni àfọ́kù máa ń fò sí nígbà tí ó bá kọ lù ú. Ẹnìkan yóò sá tọ ẹ̀ṣọ́ lọ. Bí kò bá sí ẹ̀ṣọ́, ẹnìkan yóò gba ẹ̀gbẹ́ irin lọ jìnnà sí apá ibi tí ọkọ̀ ti ń bọ̀, yóò máa ju aṣọ tí ó bá mọ́lẹ̀ yòò, tàbí iná bí ó bá jẹ́ òru. Ìgbà tí kò bá sí ohun tí ń bọ̀ nìkan ni a lè ti ọkọ̀. Kò sí ọkọ̀ tí a kò lè rí òmíràn rà.

Nínú Òfin Mósè, nínú ìwé Deuteronomi orí 22, ẹsẹ̀ 8, Ọlọ́run pàṣẹ fún ẹni tí ó bá kọ́ ilé tuntun pé kí ó mọ odi kékeré yí òrùlé rẹ̀ ká, kí ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ó bá jábọ́ má baà wà lórí ilé náà. Nígbà tí mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ àlùfáà, ẹsẹ̀ yìí kò jọ mí lójú. Nísinsìnyí, mo rí i pé ó ń bá ẹni méjì sọ̀rọ̀. Ó ń bá ẹni tí ó kọ́ nǹkan sọ̀rọ̀, ìyẹn ìjọba àti àwọn tí wọ́n ni ojú irin: kí wọ́n mọ odi. Wọ́n ti ń mọ ọ́n ní àwọn ibì kan. Nígbà tí a ń ṣe Red Line, a kọ́ afárá fún ọkọ̀ ní Ìkẹjà, Mushin, Yábàá àti Oyíngbó kí títì àti irin má baà máa pàdé níbẹ̀ mọ́. Afárá ni ìwòsàn tòótọ́ fún àìsàn yìí, mo sì gbàdúrà kí ó kárí. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ náà kò ní kí ẹni tí ó gun òrùlé di ojú rẹ̀.

Bọ́ọ̀sì àwọn ọmọ wa

Ẹ̀yin òbí, ìkẹyìn ọ̀rọ̀ mi kàn yín gan-an. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kejìlá ọdún 1938, ní ìpínlẹ̀ Utah ní Amẹ́ríkà, bọ́ọ̀sì ilé ẹ̀kọ́ kan ń kó àwọn ọmọ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ girama nínú ìjì yìnyín. Awakọ̀ rẹ̀ dúró kí ó tó dé irin. Kò rí nǹkan kan nítorí yìnyín, ó sì wọlé. Ọkọ̀ ojú irin akẹ́rù gbá a. Awakọ̀ náà kú, àwọn ọmọ tí ó lé ní ogún kú pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ̀kọ́ tí wọ́n rí kọ́ nínú rẹ̀ ni pé dídúró nìkan kò tó. Láti ìgbà náà ni ó ti di òfin káàkiri ilẹ̀ náà pé awakọ̀ bọ́ọ̀sì ilé ẹ̀kọ́ gbọ́dọ̀ dúró níwájú irin, kí ó ṣí ilẹ̀kùn kí ó lè ríran, kí ó sì gbọ́ràn, yálà ó rò pé nǹkan ń bọ̀ tàbí kò rò bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá ń sanwó bọ́ọ̀sì àwọn ọmọ yín, tàbí tí ilé ẹ̀kọ́ bá fẹ́ kó wọn lọ sí ìrìn-àjò ẹ̀kọ́, ẹ béèrè ọ̀nà tí wọn yóò gbà. Bí ọ̀nà náà bá ré irin kọjá ní ilẹ̀ẹ́lẹ̀, ẹ béèrè lọ́wọ́ awakọ̀ ohun tí yóò ṣe níbẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Kì í ṣe àrífín. Ẹ sọ fún àwọn ọmọ náà pé, bí a tilẹ̀ kọ́ wọn láti má ṣe dá àgbà lóhùn, ọmọ tí ó bá rí i pé ọkọ̀ dúró lórí irin lè kígbe, ẹnikẹ́ni kò sì ní nà án nítorí rẹ̀. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ ń wọ ọkọ̀ èrò, ẹ jọ̀wọ́, ẹ yé sọ fún awakọ̀ pé kí ó sáré nítorí pé ẹ ti pẹ́.

Ìyá akọrin náà ti sùn nínú Olúwa láti ọdún pípẹ́. Ní ọjọ́ tí a sin ín, mo dúró lórí àga ìwàásù, mo sì sọ ìtàn náà fún ìjọ bí ó ti ṣẹlẹ̀, láìfi èṣù kún un. Lẹ́yìn ìsìn, ọmọkùnrin rẹ̀, tí ó ń wa bọ́ọ̀sì èrò láti Ìyánà-Ìpájà sí Òṣòdì nígbà náà, tọ̀ mí wá ní ìta. Ó ní ìyá òun kò sọ ọ́ fún òun rí. Ó béèrè ibi tí ibi ìsọdá náà wà, mo sì júwe rẹ̀ fún un.